Bí a ṣe ń tú orí ọkọ̀ ojú irin oní-dísẹ́ẹ̀lì ká nígbà tó bá fẹ̀yìn tì

Iná ló máa ń kẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ tú orí ọkọ̀ ojú irin ká, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ gáàsì àti wẹ́dà ló fi bẹ̀rẹ̀, ibi tí kò yẹ ló ti mú un. Kí iná tó kan ara irin yẹn, ó yẹ kí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ti parí: ìwé ti pé, epo ti tán nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ti jáde nínú àwọn àgbá, wọ́n ti kó ohun tó lè pa èèyàn kúrò, wọ́n sì ti yọ ohun tó lówó lórí. Ohun tó máa kù fún iná kò ní ju irin lásán lọ.

Ọgbà iṣẹ́ rélùwéè tí màá máa tọ́ka sí jù ni ti Swindon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iṣẹ́ rélùwéè tó ń jẹ́ Great Western Railway ló dá a sílẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1843, wọ́n sì tì í pa ní 1986. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú àwọn orí ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Warship àti Western láàárín 1958 sí 1964. Ibẹ̀ kan náà ni wọ́n ti wá gé púpọ̀ nínú wọn, nígbà tí wọn ò tíì dàgbà rárá. Kò sí Warship kankan lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ nígbà tí 1972 fi máa parí, àwọn Western tó kù sì fẹ̀yìn tì ní oṣù kejì ọdún 1977. Kì í ṣe pé wọ́n gbó. Ọ́ìlì ni wọ́n fi ń gbé agbára láti ara ẹ̀ńjìnnì dé ara ẹsẹ̀ ọkọ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn káàkiri Gẹ̀ẹ́sì ń fi iná mànàmáná ṣe é. British Rail, ilé iṣẹ́ rélùwéè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kò fẹ́ tọ́jú oríṣi méjì, ni oríṣi ti Swindon bá bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé náà. Láti 1901 ni rélùwéè ti wọ Ìbàdàn láti Èkó, àwọn ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ṣe púpọ̀ nínú àwọn dísẹ́ẹ̀lì tí Nàìjíríà kọ́kọ́ lò ní àwọn ọdún 1950. Ẹni tó bá ti gba ọgbà rélùwéè Èbúté Mẹ́ta kọjá mọ̀ pé irin tó ti dúró, tí ìpatà ti ń jẹ, kò wọ́n níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan máa tú wọn. Mo fẹ́ kí ẹni náà padà sílé pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pípé.

Ìwé ni àkọ́kọ́

Mẹ́ta ni ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́. Èyí àkọ́kọ́ ni àṣẹ tó gbé nọ́ńbà ọkọ̀ náà gan-an, tí ọ̀gá tó láṣẹ fọwọ́ sí. Ẹ mú un lọ sídìí ọkọ̀, kí ẹ fi wé nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Ìkejì ni àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ṣì fẹ́ lò. Nígbà ayé àwọn Western, tí ẹ̀ńjìnnì bá bàjẹ́ lára èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ara èyí tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti máa ń wá òmíràn. Tí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ̀ka àtúnṣe ń retí, ẹ lè gé ohun tí wọn kò lè rà mọ́ láyé.

Ìkẹta ni èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fojú fò: ṣé ẹnikẹ́ni ti ní òun fẹ́ tọ́jú rẹ̀? Oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní Class 22, méjìdínlọ́gọ́ta ni wọ́n ṣe, kò ku ẹyọ kan láyé lónìí. Ẹnì kan ti ṣètò láti ra D6319 lára wọn kó lè tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe wọ inú ìwé, wọ́n sì gé e ní Swindon. Nínú 74 tí wọ́n ṣe nínú Western, méje ló ṣẹ́ kù, nínú 71 tí wọ́n ṣe nínú Warship, méjì péré. Gbogbo àwọn tó ṣẹ́ kù yẹn, ẹnì kan ló tètè kọ̀wé, tí ìwé náà sì dé ọwọ́ ẹni tó yẹ lásìkò.

Ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí

Ojú irin tó tẹ́jú ni, lórí kọnkéré, kì í ṣe lórí iyẹ̀pẹ̀ lásán, torí ohun tó bá dà sórí iyẹ̀pẹ̀ máa wọlẹ̀ lọ bá omi kànga àwọn ará àdúgbò. Kí gọ́tà ibẹ̀ ní kòtò tó ń ya ọ́ìlì kúrò lára omi. Kí kírénì lè dé ìhà méjèèjì. Kí wọ́n sì ti ojú irin náà pa lẹ́yìn, kí ọkọ̀ mìíràn má bàa ṣèèṣì yà wọ ibẹ̀ nígbà tí èèyàn wà lábẹ́.

Ẹ fi ìdènà sí iwájú àti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Afẹ́fẹ́ ló ń ti bíréèkì mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ sì máa tó tú afẹ́fẹ́ yẹn dànù. Ohun tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 108, bíi Western, tí kò ní bíréèkì mọ́, díẹ̀ ni ilẹ̀ máa dagun kó tó gbéra.

Ẹ pa gbogbo agbára inú rẹ̀

Ọkọ̀ tó ti dúró lọ́dún pípẹ́ ṣì lè ṣe èèyàn léṣe. Bátìrì rẹ̀ kì í ṣe ti mọ́tò: lára ọ̀pọ̀ dísẹ́ẹ̀lì Gẹ̀ẹ́sì, 110 fóltì ni gbogbo wọn pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ tú okùn tó lọ sí ìhà òdì, kí ẹ tó tú èkejì, kí ẹ fi rọ́bà wé orí okùn méjèèjì, kí ẹ wá kó bátìrì kúrò ní òró. Ásíìdì wà nínú wọn, òjé sì wà nínú wọn, nítorí náà inú ike tó ní ọmọrí ni kí ẹ kó wọn sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sídìí àwọn àgbá afẹ́fẹ́. Kọ̀ọ̀kan wọn ní kọ́ọ̀kì lábẹ́. Ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀. Omi àti ọ́ìlì dúdú ló máa kọ́kọ́ tú jáde, kí afẹ́fẹ́ tó wá máa sú fèrè. Ẹ dúró títí ohùn yẹn á fi pa, títí ọwọ́ géèjì inú yàrá awakọ̀ á fi sùn sórí òdo, kí ẹ sì fi kọ́ọ̀kì náà sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn kí ẹlòmíràn má bàa tì í. Ẹ wá àwọn sílíńdà tí wọ́n fi ń paná, èyí tó kún fún gáàsì kábọ̀n. Wọ́n sábà máa ń wà nínú yàrá ẹ̀ńjìnnì. Tí ooru bá kan ọ̀kan nínú wọn, bọ́ǹbù ni.

Epo àti omi inú rẹ̀

Oríṣi mẹ́rin ni ẹ máa fà jáde, ẹ má sì pa wọ́n pọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù kan: dísẹ́ẹ̀lì, ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì, ọ́ìlì tó ń gbé agbára dé ẹsẹ̀ ọkọ̀, àti omi rèdíétọ̀. Lára àwọn oní-ọ́ìlì bíi Western, ìkẹta yìí pọ̀ gan-an. Omi rèdíétọ̀ kì í ṣe omi lásán. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń da èròjà kúrómíọ́ọ̀mù sí i kí ìpatà má bàa mú inú ẹ̀ńjìnnì, èròjà yẹn sì lè fa jẹjẹrẹ. Ẹ má dà á sí gọ́tà.

Táńkì epo ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé dísẹ́ẹ̀lì kì í gbiná bíi pẹtiróòlù, òótọ́ ni nígbà tó bá tutù. Ṣùgbọ́n tí iná gáàsì bá kan ara táńkì, ìdọ̀tí epo tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ á di oru, oru yẹn á pàdé afẹ́fẹ́ inú táńkì òfìfo, á sì bú. Táńkì òfìfo léwu ju èyí tó kún lọ. Ohun tó dára jù ni pé kí ẹ tú bóòtì rẹ̀, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ odindi, kí ẹ fi oru omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìdíwọ̀n gáàsì wò ó, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ alágbára tó ń gé irin bíi sísọ́ọ̀sì gé e láìsí iná rárá. Wẹ́dà tó bá ní òun ti gé bẹ́ẹ̀ rí tí nǹkan kan kò ṣe òun, orí ló bá a ṣe é.

Asibẹ́sítọ́ọ̀sì

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àìsàn kan wà tí àwọn èèyàn fi orúkọ ìlú Swindon pè: wọ́n ní àìsàn Swindon. Mesothelioma ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, jẹjẹrẹ tó ń mú awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà rélùwéè yẹn ló pa tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ ìlú fi lẹ̀ mọ́ ọn. Eruku asibẹ́sítọ́ọ̀sì ló fà á. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé kì í yá: ó lè tó ogún ọdún, ó sì lè tó àádọ́ta, kó tó fara hàn. Ẹni tó fa eruku yẹn símú ní ọmọ ogún ọdún, tó sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́, ó lè jẹ́ ìgbà tó bá ti ń gbọ́mọọmọ pọ̀n ni àyà rẹ̀ máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ní 1999 ni Gẹ̀ẹ́sì wá fòfin de gbogbo oríṣi rẹ̀ pátápátá.

Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n láti ara páànù òrùlé àti sílìn ilé àtijọ́. Lára orí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ibi tó máa ń sá pamọ́ sí ni wọ̀nyí: ohun tí wọ́n wé mọ́ páìpù èéfín, ara bọ́ílà tí wọ́n fi ń mú yàrá èrò gbóná, ẹ̀yìn pákó tí wọ́n fi bo ògiri yàrá awakọ̀, inú àpótí ìyípadà iná, àwọn gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ńjìnnì, àti páàdì bíréèkì. Kò ṣeé fojú mọ̀. Èyí tó dà bí òwú funfun lè jẹ́ òun, ó sì lè máà jẹ́ òun.

Nítorí náà, báyìí ni kí ẹ ṣe é. Kí ẹni tó mọṣẹ́ gé díẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan, ní rírin, kó gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Títí èsì á fi dé, ẹ kà á sí òun. Tí òun bá ni, ẹ fi ọ̀rá nínípọn bo gbogbo ibẹ̀ ká bí àgọ́, kí fáànù tó ní ẹ̀rọ asẹ́ máa fa afẹ́fẹ́ inú àgọ́ náà sí ara rẹ̀, kí eruku má lè jáde. Ẹ fi omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ rin ín dáadáa kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ má fi ọwọ̀ gbá ilẹ̀ ibẹ̀ láéláé, ẹ má sì fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́ ara yín. Inú ọ̀rá méjì ni kí ẹ dì í sí, kí ẹ kọ ohun tó jẹ́ sára rẹ̀, kí ẹ sì sin ín síbi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún un.

Aṣọ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ délé. Àwọn ìyàwó wà tí wọn kò fẹsẹ̀ tẹ ọgbà iṣẹ́ rí, tí àìsàn yìí pa nítorí pé àwọn ló ń gbọn aṣọ ọkọ wọn kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Kí a wẹ̀ níbi iṣẹ́, kí a pààrọ̀ aṣọ níbẹ̀. Ìbòmú tí à ń lò nígbà kòrónà kò lè dá eruku yìí dúró. Èyí tó ní asẹ́ P3, tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, ni. Ẹni tó dá irùngbọ̀n sí kò lè lò ó, torí afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Ọ̀dà

Ọ̀dà àtijọ́ ní òjé nínú. Tí iná bá jó o, èéfín rẹ̀ á gbé òjé wọ ẹ̀jẹ̀. A rí ohun tí òjé ṣe ní Zamfara ní 2010, nígbà tí eruku wúrà wíwà pa ọmọdé tó lé ní 400. Ẹ fi kẹ́míkà tàbí irin ìfálẹ̀ há ọ̀dà kúrò ní gbogbo ojú ibi tí iná máa gbà, kó fẹ̀ tó ìbú ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn yín kọ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀.

Yíyọ ohun tó lówó lórí

Àwọn páànù orí òrùlé ló kọ́kọ́ ń lọ, torí òkè ni wọ́n ń gbà gbé ẹ̀ńjìnnì jáde. Méjì ni ẹ̀ńjìnnì Maybach inú Western, kọ̀ọ̀kan jẹ́ agbára ẹṣin 1,350. Ẹ tú gbogbo páìpù àti okùn tó so mọ́ ọn, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí kírénì tó fà á. Bóòtì kan ṣoṣo tí ẹ gbàgbé tó láti fi yí kírénì ṣubú. Lára àwọn oní-mànàmáná, jẹnẹrétọ̀ ńlá àti mọ́tò inú bógì (férémù tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ wà nínú rẹ̀) ni ọrọ̀ wà, torí bàbà ló kún inú wọn. Rèdíétọ̀ náà ní bàbà àti idẹ.

Ọ̀rọ̀ okùn iná wá ń dùn mí gan-an. Àwọn ọmọkùnrin wa máa ń dáná sun okùn láti rí bàbà inú rẹ̀. Èéfín dúdú yẹn, májèlé ni, bàbà tó sì jáde látinú iná máa ń dúdú, oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù á sì rà á ní ẹ̀dínwó. Ọ̀bẹ tàbí ẹ̀rọ kékeré tó ń bó okùn ló ń mú bàbà dídán jáde. Owó ló wà nínú sùúrù yẹn, yàtọ̀ sí ìlera.

Ẹ yọ páálí nọ́ńbà àti páálí orúkọ, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà àti orúkọ ọkọ̀ sí, pẹ̀lú ọwọ́, ẹ má gé e.

Ìgbà yìí ni iná tó dé

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Kí ẹ tó tan iná, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: kí ló gbé ọkọ̀ yìí dúró?

Lára àwọn mìíràn, bíi Class 40 tí wọ́n gé púpọ̀ nínú wọn ní Swindon ní àwọn ọdún 1980, férémù ńlá kan wà nísàlẹ̀ tó ru gbogbo ẹrù. Ògiri rẹ̀ kò ju ìbòrí lọ. Ẹ lè gé ògiri bí ẹ ṣe fẹ́, férémù kò ní mira. Ṣùgbọ́n àwọn Warship kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n orí ọkọ̀ V200 ti Jámánì ni wọ́n fi ṣe wọ́n: ògiri, òrùlé àti ìsàlẹ̀ ló jọ ń ru ẹrù. Ìdí nìyẹn tí Warship tó ní agbára ẹṣin 2,200 fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tọ́ọ̀nù 80 péré, nígbà tí Class 40 tó jẹ́ agbára ẹṣin 2,000 wúwo tó tọ́ọ̀nù 133. Tí ẹ bá gé ògiri irú èyí láàárín nígbà tó ṣì dúró lórí bógì méjèèjì, ó lè ká sí méjì lójijì lé ẹni tó wà nínú rẹ̀ lórí. Ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù inú rẹ̀ tán, ẹ fi pákó tàbí irin gbé àárín rẹ̀ dúró lábẹ́, kí ẹ wá máa gé láti orí méjèèjì bọ̀ sí àárín, láti òkè sí ìsàlẹ̀. Yàrá awakọ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ. Kírénì gbọ́dọ̀ ti di ohun tí ẹ fẹ́ gé mú kí ó tó já.

Sílíńdà ọ́síjìn àti gáàsì kò gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀, kí ẹ sì dè wọ́n mọ́ nǹkan. Kí ohun tó ń dènà kí iná má padà sínú rọ́bà wà ní ẹnu kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ má fi ọ́ìlì tàbí gíríìsì kan ẹnu sílíńdà ọ́síjìn. Kí ẹnì kan dúró pẹ̀lú omi àti ohun ìpaná tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa wo ibi tí iná ń ta sí lọ. Tí iṣẹ́ bá tán, kó dúró síbẹ̀ fún wákàtí kan sí i. Ọ́ìlì tó ti rin inú ihò kan fún ọgbọ̀n ọdún máa ń rọra jó kí ẹnikẹ́ni tó rí èéfín.

Ohunkóhun tó bá dí pa, ẹ lu ihò sí i kí iná tó kàn án: páìpù férémù, àpótí bíárìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí gíríìsì kún inú rẹ̀, àti àwọn ẹ̀rọ adènà ìjàgbọ̀n lára bógì. Ooru á mú ohun inú wọn wú, wọ́n á sì fọ́ bí ọta ìbọn. Sípíríǹgì bógì náà ṣì há mọ́ra. Ẹ gbé ọkọ̀ kúrò lórí bógì kí sípíríǹgì lè nà tán kí ẹ tó fi iná kàn án.

Gáàsì kò gé ohun gbogbo. Kì í gé irin dídà dáadáa, irú èyí tí wọ́n fi ṣe ara ẹ̀ńjìnnì kan. Ìyẹn, lílù ni wọ́n ń lù ú fọ́, níbi tí wọ́n fi nǹkan sé ká kí èérún rẹ̀ má fò. Kì í gé bàbà, bẹ́ẹ̀ ni kì í gé alumíníọ́ọ̀mù.

Yíyà sọ́tọ̀ àti wíwọ̀n

Irin tó nípọn lọ́tọ̀, páànù lọ́tọ̀, irin dídà lọ́tọ̀, bàbà, idẹ, òjé àti alumíníọ́ọ̀mù, kóówá ní ibi tirẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin nípa ìwọ̀n tí wọ́n ń gbà kí ẹ tó gé, torí púpọ̀ nínú wọn kì í gba ohun tó bá gùn ju mítà 1.5 lọ, gígé lẹ́ẹ̀mejì sì ń jẹ gáàsì. Nàìjíríà ti fòfin de kíkó irin àlòkù lọ sókè òkun, nítorí náà nílé ni ọjà rẹ̀ wà.

Gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù tó bá jáde gbọ́dọ̀ gba orí ìwọ̀n kọjá, kí ìwé ìwọ̀n rẹ̀ sì wọ fáìlì. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti lọ, ẹ ro ìwọ̀n pọ̀, ẹ fi epo àti ìdọ̀tí tí ẹ kó dànù kún un, kí ẹ fi wé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ. Tí ó bá dín ní tọ́ọ̀nù mélòó kan, tó sì jẹ́ pé ibi bàbà ló ti dín, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Ẹ há ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ kó kòtò ọ́ìlì, ẹ fi ìwé asibẹ́sítọ́ọ̀sì àti ìwé ìwọ̀n sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú àṣẹ tó gbé nọ́ńbà ọkọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sínú rẹ̀, torí ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ni dókítà máa béèrè. Páálí nọ́ńbà tí ẹ yọ, ẹ má tà á mọ́ irin. Jaekel House wà nínú ọgbà rélùwéè Èbúté Mẹ́ta, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898 tí wọ́n ti tún ṣe, tó ń tọ́jú ohun ìrántí rélùwéè. Ẹ gbé e lọ síbẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé pé wọ́n rí i gbà.